Fóònù Tuntun Tó Ní Àléébù: Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Àtúnṣe, Pààrọ̀ Tàbí Owó Yín Padà ní Òṣogbo

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: "Mo ra fóònù ní Ọláìyá, kò tíì pé oṣù kan, ó ti ń kú fúnra rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi ní ọjà tí òun bá ti tà kì í padà. Kí ni kí n ṣe?" Tíṣà ní Òkè-Baálẹ̀ ń béèrè, akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN ń béèrè, ìyá aláṣọ ní Ìgbọ̀nà náà ń béèrè.

Ẹ ní ẹ̀tọ́, òfin sì wà lẹ́yìn yín. Ohun tó ń dun èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ ló ń fọwọ́ ara wọn ba ẹjọ́ wọn jẹ́ lọ́jọ́ tí fóònù náà bàjẹ́ gan-an, kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní ẹ̀tọ́ kankan. Nítorí náà, ẹ tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ wọ̀nyí bí mo ṣe tò wọ́n. Ẹ má fo èkíní lọ bá ẹ̀kẹta.

Fún ẹni tó ń kánjú

- Ẹ má jẹ́ kí ẹnjiníà kankan tú fóònù náà.
- Ẹ ya fídíò àléébù náà nígbà tó bá ń ṣe é.
- Ẹ wá rìsíìtì, páálí àti káàdì gàráńtì.
- Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì.
- Ohun tí ẹ bá fẹnu sọ, ẹ tún fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.
- Tí wọ́n bá kọ̀, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, ló kàn.

Ohun tí òfin sọ

Òfin tó kàn yín ni Federal Competition and Consumer Protection Act (FCCPA) ti ọdún 2018. FCCPC ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó o. Òfin náà gùn, àmọ́ abala márùn-ún ni ẹni tó ra fóònù nílò:

- Abala 117: Bí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, ẹni tó ń tà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn gbangba. Kò gbọdọ̀ tún páálí dì kó sì pè é ní tuntun.
- Abala 118: Ọlọ́jà gbọ́dọ̀ fún yín ní àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rà. Rìsíìtì kì í ṣe oore tó ń ṣe yín.
- Abala 122: Ẹ lè dá ọjà padà kí ẹ sì gba gbogbo owó yín bí ẹ bá ti sọ fún ọlọ́jà ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe tí ọjà náà kò sì lè ṣe é, tàbí bí ẹ kò bá rí àyè yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kó o fún yín, tí ó wá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ṣèlérí. Ẹ gbọ́dọ̀ tètè dá a padà o.
- Abala 129: Àdéhùn tó bá fẹ́ gba ẹ̀tọ́ tí òfin yìí fún yín lọ́wọ́ yín kò tọ̀nà.
- Abala 131: Ẹ ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò ní àléébù, tí yóò sì lò tó ìgbà tó yẹ kí irú rẹ̀ lò.

Ẹ tún abala 122 kà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi fóònù ṣe kí ẹ tó sanwó, ó sì dára kí ó wà lórí WhatsApp: "Mo fẹ́ fi máa ya fídíò ọjà mi ni," tàbí "Ọmọ mi fẹ́ fi máa ṣe kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn lè gbà yín lọ́jọ́ iwájú.

Òfin yìí kò sí fún ẹni tí fóònù já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sórí símẹ́ńtì, tàbí ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Kò sì sí fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ṣáà yí padà nítorí pé ó rí àwọ̀ mìíràn tó wù ú jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ fi fóònù náà sílẹ̀ bó ṣe wà

1. Ẹ yọ SIM àti mẹ́mórì káàdì.
2. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Tí ó bá ti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, tí sílì rẹ̀ já, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ níbi gàráńtì ni pé "wọ́n ti tú u."
3. Ẹ má fi chájà mìíràn dán an wò, kí ọlọ́jà má baà sọ pé chájà yẹn ló bà á jẹ́.
4. Tí fóònù bá ṣì ń tàn, ẹ kó àwòrán àti WhatsApp yín sí orí Google. Ẹ má tíì nu ohun inú rẹ̀ kúrò.

Ìkìlọ̀: Bí bátìrì bá wú, tí ẹ̀yìn fóònù gbé sókè, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ má fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Orí sìmẹ́ńtì tàbí inú àwo tánganran ni kí ẹ gbé e sí, jìnnà sí aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì, títí ẹ ó fi gbé e lọ. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kó ẹ̀rí jọ

Ẹ tẹ *#06# bí ẹni fẹ́ pe èèyàn. Nọ́ńbà IMEI, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, yóò jáde. Díjíìtì 15 ló ní. Fóònù tó ń lo SIM méjì sábà máa ń ní méjì. Ẹ fi wé ti ara páálí. Tí wọn kò bá dọ́gba, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ nìyẹn: ẹ lè ti ra fóònù tí wọ́n gbé sínú páálí olówó mìíràn. Tí fóònù kò bá tàn mọ́, IMEI ṣì wà lára páálí.

Ẹ rí i pé ẹ ní:

- fọ́tò rìsíìtì, tàbí ẹ̀rí tíránsífà láti inú ápù báǹkì;
- fọ́tò páálí níbi tí IMEI wà;
- káàdì gàráńtì, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ra fóònù náà lórí rẹ̀;
- fídíò àléébù náà láti orí fóònù mìíràn, kí déètì hàn nínú rẹ̀;
- ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin àti ọlọ́jà jọ sọ lórí WhatsApp kí ẹ tó rà á.

Ẹ ò rí rìsíìtì? Kò tíì parí. Ẹ̀rí tíránsífà tàbí ìwé POS ń fi hàn pé owó kúrò lọ́wọ́ yín sí ọwọ́ ta ni, lọ́jọ́ wo. Ẹni tó san owó nílẹ̀ láìgba ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi pẹ̀lẹ́ bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp: "Ẹ kú iṣẹ́ o, fóònù tí mo rà lọ́wọ́ yín ní Fúráìdè tó kọjá ti ń dà mí láàmú." Tí ó bá dáhùn pé "Kí ló ń ṣe é?", ó ti gbà pé òun ló tà á.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń béèrè

Ẹni tó kàn dé ṣọ́ọ̀bù tó ní "Ẹ wá nǹkan ṣe sí i" ni wọ́n máa ń yí lórí. Ẹ pinnu kí ẹ tó kúrò nílé.

- Láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí ẹ rà á: ẹ béèrè fún fóònù mìíràn tàbí owó yín. Ẹ má gbà kí wọ́n tú fóònù tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lánàá wò.
- Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí gàráńtì ṣì wà: àtúnṣe ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún èèyàn, kò sì burú kí ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan.
- Wọ́n ti tún un ṣe, àléébù kan náà tún padà wá: pààrọ̀ tàbí owó. Ní tèmi, ẹni tó bá gbà kí wọ́n tún nǹkan kan náà ṣe lẹ́ẹ̀kẹta ń fi àkókò gàráńtì rẹ̀ ṣòfò ni.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù

Ẹ lọ ní àárọ̀, nígbà tí ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù bá wà tí èrò kò sì tíì pọ̀. Ọmọṣẹ́ kò lè dá owó padà fún yín, ẹ má bá a jà. Ẹ mú ẹnì kan dání tó lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹ kí wọn dáadáa: "Alhaji, ẹ kú òwúrọ̀, ẹ ò ṣẹ̀ mí o, fóònù yìí ló ní àléébù." Ọlọ́jà tí ẹ kò bá bú lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ yóò tètè gbọ́ tiyín. Ariwo tí àwọn kan ń pa láti Ọláìyá dé Alẹ́kúwodò kì í mú owó wá.

Díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n máa sọ nìyí, àti ohun tí ẹ lè fi dá wọn lóhùn:

"Ọjà tí a bá ti tà kì í padà." Wọ́n lè ti kọ ọ́ sára ògiri tàbí sísàlẹ̀ rìsíìtì. Ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé àkọlé kò borí òfin, pé FCCPA kò fàyè gba kí ọlọ́jà fi irú àkọlé bẹ́ẹ̀ gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ oníbàárà tí ọjà rẹ̀ ní àléébù.

"Ọ̀sẹ̀ kan ni gàráńtì wa." Ti ṣọ́ọ̀bù wọn nìyẹn. Gàráńtì ti ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù ṣì wà lọ́tọ̀, ó sì sábà máa ń tó ọdún kan fún fóònù tuntun. Ti bátìrì, chájà àti íápíìsì (earpiece) sábà máa ń kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ; ẹ wo káàdì yín.

"Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni kí ẹ lọ bá." Ọlọ́jà ni ẹ sanwó fún, òun ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń fòní dónìí, tí wọ́n ń fọ̀la dọ́la, tí ilé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ náà fọwọ́ sí sì wà nítòsí, ó lè yá ju kí ẹ máa wọ ọ̀kadà lọ sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́. Ẹ kàn rí i pé ẹ ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ọlọ́jà ná.

"Iná ló jó o." Èyí ni wọ́n fẹ́ràn jù, nítorí gbogbo wa la mọ bí iná IBEDC ṣe ń ṣe. Ó sì lè jẹ́ òótọ́. Ẹ má jiyàn. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò ibi tó jó lára bóòdù, kí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń parọ́ kì í fẹ́ kọ ọ́.

"Omi ti wọ̀ ọ́." Ọ̀pọ̀ fóònù ní bébà funfun kékeré kan nínú tí ó máa ń di pupa tí omi bá kàn án. Nínú àwọn mìíràn, ihò SIM ni ẹ ti lè rí i. Kí wọ́n fi hàn yín lójú yín.

"Ẹ mú ₦5,000 wá ká bá yín wò ó." Rárá. Nínú àkókò gàráńtì, ẹ kò gbọdọ̀ san nǹkan kan kí wọ́n tó fi ìwé hàn yín pé àléébù náà kì í ṣe ti ilé iṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Tí ẹ bá máa fi í sílẹ̀ fún àtúnṣe

Ilé àtúnṣe tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù fọwọ́ sí nìkan. Fún Tecno, Infinix àti itel, Carlcare ni. Lórí ápù Carlcare ni ẹ ti lè fi IMEI wo iye ọjọ́ tó kù lórí gàráńtì yín àti ibi tí ọ́fíìsì tó sún mọ́ yín wà. Fún àwọn mìíràn, ẹ wo káàdì gàráńtì tàbí ojú òpó ilé iṣẹ́ náà.

1. Ẹ gba ìwé iṣẹ́. Kí IMEI, déètì, àléébù náà, àti bí ara fóònù ṣe rí wà nínú rẹ̀. Tí kò bá sí ìlà kankan lójú rẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
2. Kí wọ́n kọ ọjọ́ tí ẹ máa wá gbà á.
3. Ẹ jáde kúrò nínú ápù báǹkì yín. Ẹ má kọ páásìwọ̀ọ̀dù sára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fóònù. Tí wọ́n bá nílò rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó rọrùn, kí ẹ sì dá ti tẹ́lẹ̀ padà tí ẹ bá gba fóònù yín.
4. Tí fóònù bá ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹ yọ àkántì Google kúrò lórí rẹ̀. Lórí iPhone, ẹ pa Find My (èyí tí wọ́n fi ń wá fóònù tó sọnù). Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù lè tì pa lẹ́yìn tí wọ́n bá tún un tò (reset).
5. Tí fóònù kò bá tàn, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn kò gbọdọ̀ nu ohun inú rẹ̀ láìpè yín.
6. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa gbà á, ẹ tẹ *#06# níbẹ̀. Bí IMEI bá yàtọ̀, ẹ béèrè ìdí rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Wọ́n lè ti pààrọ̀ bóòdù lóòótọ́, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé.

Fóònù tó kú pátápátá tí ẹ kò sì lè yọ ápù báǹkì kúrò lórí rẹ̀: ẹ pe báǹkì yín kí wọ́n dá a dúró lórí fóònù yẹn kí ẹ tó fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ̀wé

Tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá yanjú rẹ̀, ẹ fi irú èyí ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ yí i sí bí ti yín ṣe rí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji. Ní ọjọ́ 3 oṣù yìí ni mo ra fóònù kan lọ́wọ́ yín ní ₦185,000, tíránsífà ni mo fi san án. IMEI rẹ̀ nìyí: … Láti ọjọ́ 11 ni ó ti ń kú nígbà tí mo bá ń pe èèyàn, bátìrì rẹ̀ kò sì lọ sílẹ̀. Kò já bọ́, omi kò kàn án, ẹnikẹ́ni kò tú u. Mo gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 12, kò sí ohun tí ẹ ṣe sí i. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ dá owó mi padà láàárín ọjọ́ 7, nítorí abala 122 àti 131 òfin FCCPA ti ọdún 2018. Tí n kò bá gbọ́ nǹkan kan, FCCPC ni n ó kọ̀wé sí. Ẹ ṣeun."

Ẹ má fi èébú kún un. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ pé ẹlòmíràn máa kà á lẹ́yìn ọ̀la. Ohun tí mo máa ń rí ni pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti máa ń pè padà, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó lè dárúkọ abala òfin lè dé FCCPC.

Ìgbésẹ̀ 7: FCCPC

Ẹ lè fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ láti ojú òpó fccpc.gov.ng tàbí sí contact@fccpc.gov.ng. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n máa fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ti kọ́kọ́ bá ọlọ́jà sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbésẹ̀ 6 kò fi ṣe é fò. Ẹ fi gbogbo ẹ̀rí ìgbésẹ̀ 2 sí i, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù náà, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ ní gbólóhùn kan. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà ẹ̀sùn yín.

Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ fóònù tó ń kú lọ sọ́dọ̀ NCC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dátà àti SIM ni tiwọn: ẹ kọ́kọ́ pe 300 ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, tí kò bá yanjú, ẹ pe 622 ti NCC. Tí fóònù kò bá mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi SIM náà sínú fóònù mìíràn wò kí ẹ tó mọ ẹni tí ẹ máa bá.

Kóòtù májísíréètì wà fún ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀, tí àjọ kò sì yanjú rẹ̀. Fún fóònù olówó kékeré, ó lè má tó ìyọnu rẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Pípe ọlọ́pàá sí ọlọ́jà.* Abala 32 òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí pé ó da àdéhùn lásán. Ohun tó lè di ti ọlọ́pàá ni bí ó bá jẹ́ fóònù jíjí ni wọ́n tà fún yín.

*Gbígbé ọlọ́jà sí orí Facebook kí ẹ tó kọ̀wé.* Tí ẹ bá sọ ohun tí ẹ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀yin gan-an lè di ẹni tí wọ́n ń pè lẹ́jọ́.

*Dídúró títí gàráńtì fi tán,* nítorí pé ọlọ́jà ní "ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan sí i." Ẹ fún un, àmọ́ kí ó wà nínú ìwé.

Tí tiyín bá yàtọ̀ díẹ̀

Tòkunbọ̀: Ẹ̀tọ́ yín kò pọ̀ tó ti tuntun, torí ẹ mọ̀ pé àlòkù ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kò tíì sí ẹni tó pààrọ̀ skírìn rẹ̀ rí, tí ẹ sì wá rí i pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, irọ́ ni wọ́n pa fún yín, ẹ sì lè dá a padà lórí ìyẹn. Kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dán an wò sínú rìsíìtì.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì: Ẹ ya fídíò bí ẹ ṣe ń ṣí páálí, láti ìgbà tí sílì rẹ̀ ṣì wà. Ẹ ò rí ọjà náà kí ẹ tó gbà á, nítorí náà abala 122 wúlò fún yín gan-an. Àwọn ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì ní iye ọjọ́ tí wọ́n fi ń gba ọjà padà. Ẹ kà á lọ́jọ́ tí ẹ gba fóònù náà.

Fóònù tí ẹ ń san díẹ̀díẹ̀: Ẹ má tìtorí àléébù dá owó sísan dúró láìsọ fún wọn. Wọ́n lè ti fóònù náà pa láti ọ́fíìsì wọn, wọ́n á sì sọ pé gbèsè ni ẹ jẹ. Ẹ máa san, kí ẹ sì fi ìwé sọ fún ẹni tó yá yín lówó àti ṣọ́ọ̀bù tó gbé e fún yín pé fóònù ní àléébù. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n lè dá owó sísan dúró fún àkókò tí fóònù máa wà níbi àtúnṣe. Tí wọ́n bá gbà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín kí ẹ tó jáwọ́.

Kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí ẹ bá máa ra òmíràn

- Kí wọ́n ja sílì lójú yín.
- Ẹ fi SIM yín sí i, ẹ pe ẹnì kan, kí ẹni náà sì pè yín padà.
- Ẹ ya fọ́tò níwájú àti lẹ́yìn, ẹ gba ohùn sílẹ̀ kí ẹ sì gbọ́ ọ.
- Ẹ fi chájà inú páálí sí i fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń gbóná jù.
- Ẹ tẹ *#06#, kí wọ́n kọ IMEI náà sínú rìsíìtì, pẹ̀lú orúkọ ṣọ́ọ̀bù, àdírẹ́sì àti déètì. Tí wọ́n bá ní àwọn kì í kọ IMEI, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.